Ọjà Tí Kò Ní Ìyálọ́jà

(Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún ìrọ̀lẹ́. Ìlù ìbẹ̀rẹ̀ rọlẹ̀, olùbánisọ̀rọ̀ wọlé.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ láàárín Mile 2 sí Agboju, mo mọ̀ pé ọkọ̀ ò rìn. Ẹ fọkàn balẹ̀, kẹ́ ẹ gbé rédíò sókè díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí n sọ̀rọ̀ tán kẹ́ ẹ tó dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ.

Ọjà Agboju ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ lọ ra gaàrí níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí ẹni tó ń tà á wá fi kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú wọ̀n ọ́n fún yín. Ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa ké sí. Olórí àwọn onígaàrí wà. Bí ìyẹn ò bá yanjú rẹ̀, ìyálọ́jà wà. Wọ́n á ní kí wọ́n gbé kóńgò náà wá, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á wo ìdí rẹ̀. Ẹni tó jẹ̀bi á san owó ìtanràn lójú gbogbo èèyàn. Òfin ọjà nìyẹn. Kò sí nínú ìwé kankan, àwọn obìnrin ló sì ṣe é.

Ọjà kan wà tí gbogbo wa ń ná lónìí, tí kò ní gèètì, tí kì í tú, tí òjò kì í lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí àtẹ níbẹ̀. Ní Kuje níbi tí mo ń gbé, láti ẹnu ọ̀nà mi títí dé ibi tí mo ti ń wọ Márúwá lọ sí Festac, obìnrin mẹ́ta ni mo máa kọjá lábẹ́ agboòrùn, tí oníkálukú jókòó ti ẹ̀rọ POS tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin ń din pọfú-pọfú, àmọ́ orí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp ló ti ń gba iṣẹ́ òde ìyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ìkarùn-ún ò ní ṣọ́ọ̀bù rárá. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ń ta léèsì, àwọn ọmọ oní-dísípáàṣì ló ń bá a gbé e kiri Èkó. Bí ẹ bá bi í pé níbo lọjà rẹ̀ wà, fóònù ló máa nà sí yín.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní í sọ nírọ̀lẹ́ yìí. Obìnrin ti pàtẹ kún ọjà yẹn, ṣùgbọ́n wọn ò fi wọ́n joyè níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣòfin ọjà náà, àwọn tó ń rọ kóńgò rẹ̀, ọ̀nà wọn jìn sí Kuje, wọn kì í sì í bi obìnrin tó ń tajà lọ́dọ̀ wọn ní ohunkóhun. Ohun tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ń sọ nípa íntánẹ́ẹ̀tì láti bí ọdún mélòó kan, bí ẹ bá bọ́ èdè ńláńlá kúrò lára rẹ̀, kò ju ìbéèrè ìyá oníbàárà lọ: ta ló rọ kóńgò yìí, ta la sì máa ké sí?

Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀tọ́ obìnrin yẹn, bàbá kan ti na ọwọ́ sí rédíò kó yí i sí ibòmíràn. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Àwọn kan máa ń ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ẹ̀tọ́ obìnrin. Alimotu Pelewura ò kàwé òyìnbó. Ẹja ló ń tà, òun sì ni olórí ọjà Ereko ní Erékùṣù Èkó. Lọ́dún 1940, ìjọba òyìnbó ní kí obìnrin tó bá ń rí owó tó ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún máa san owó orí. Nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Pelewura àtàwọn obìnrin ọjà dìde, wọ́n lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, owó orí kí ló fẹ́ san? Ìjọba sún un sókè sí 200 pọ́n-ùn, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lọ́rùn àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ìjọba kan náà ṣe tún fẹ́ máa bá wọn dá iye tí wọ́n máa ta gaàrí nígbà ogun Hitler, Pelewura ló tún kojú wọn. Nítorí náà, bàbá, ìjà tá à ń sọ yìí ti wà nílé wa tipẹ́, kì í ṣe òyìnbó ló kó o wá.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Festac. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń dàgbà níbẹ̀ báyìí lè má mọ̀ pé àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ìlú náà fún, àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Àlejò lọ tán, wọ́n pín ilé fún àwọn ará ìlú. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 2002, 2003, káfẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ti kún gbogbo àfẹ́nù Festac. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn aráàlú lọ́dún 2001 ni, olówó ló ń gbé e, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, káfẹ̀ ló ń lọ. Àwa náà lọ. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà, ojú ìwé kan á máa ṣí bí ẹni tó ń jí lójú oorun, owó yín á sì máa jó lọ.

Àmọ́ òru lowó rẹ̀ rọjú. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó bá fẹ́ sùn síbẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Iye tí wọ́n fi ń lo gbogbo òru ò ju iye tí èmi fi ń lo wákàtí díẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo bẹ bàbá mi pé kí n bá a lọ. Bàbá mi wò mí, wọ́n ní: “Ọmọbìnrin wo ló ń sun káfẹ̀?” Ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ẹni tó lè dá bàbá mi lẹ́bi, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé n kò dá wọn lẹ́bi. Gbogbo wa la mọ irú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ojú pópó ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ńṣe ló dà bíi pé Orò ń ké: ọkùnrin lóde, obìnrin nílé, kí wọ́n ti fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n mi fi òru yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Òun ló sọ fún mi pé nínú bí ogójì èèyàn tó ń sùn síbẹ̀, òun ò rí obìnrin kan rí. Àwọn kan nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn fi òru kọ́ jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Yahoo, wọ́n sì sọ orúkọ Festac di ohun tí a ń fi ara pamọ́ bí a bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀ níwájú àlejò. Àwọn mìíràn fi í kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ títí dòní. Ẹ ò rí i, kò sí ẹni tó ṣòfin pé obìnrin ò gbọdọ̀ mọ kọ̀ǹpútà. Iye owó àti aago ló ṣòfin náà. Títí dòní, dátà òru ṣì rọjú ju ti ọ̀sán lọ, ìyá tó sì máa jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kó tó di pé ó gbé àkàrà kaná, ẹ sọ fún mi, òru wo ló fẹ́ lò ó?

Àjọ ìbánisọ̀rọ̀ ti ìṣọ̀kan àgbáyé, ITU, ka àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2024. Nínú ọkùnrin 100 ní gbogbo ayé, 70 ń lò ó. Nínú obìnrin 100, 65. Ẹ má fojú kéré márùn-ún tó wà láàárín wọn. Ẹ fi wọ̀n gbogbo obìnrin ilé ayé, kẹ́ ẹ wá wo iye èèyàn tó jẹ́.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ gbàgbé, torí ó máa ń dùn mọ́ mi. Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ Èkó, abẹ́ òkun ni. Okùn ni, wọ́n tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ omi láti ilẹ̀ Yúróòpù wá. Kí ọdún 2010 tó dé, okùn kan tó ń jẹ́ SAT-3 la gbọ́kàn lé, ó wọ́n, ó sì ń fà. Funke Opeke, obìnrin Ilé-Olújì ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ iná ní Ifẹ̀ kó tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló padà wálé, ló dá ilé iṣẹ́ MainOne sílẹ̀ lọ́dún 2008. Ó wá owó, ó wá àwọn tó ń tẹ́ okùn, wọ́n sì fa okùn tó gùn tó 7,000 kìlómítà láti Pọ́túgà wá sí Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2010. Nígbà tó di ìparí ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn máa ra MainOne ní 320 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó bá ní obìnrin ò lè bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ sọ fún un pé ọ̀kan nínú ọ̀nà tí fídíò tó ń wò ń gbà dé ọwọ́ rẹ̀, obìnrin ló là á.

Síbẹ̀, ẹni tó la ọ̀nà ọjà kọ́ ló ń jọba ọjà. Aládùúgbò mi kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Ṣadé, bá oníbàárà jà lórí aṣọ tó sọ pé àwọ̀ rẹ̀ ṣí. Ọkùnrin yẹn gbé àwòrán Ìyá Ṣadé sí ojú òpó kan tí mi ò ní dárúkọ, ó kọ ọ̀rọ̀ aṣẹ́wó sí abẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, ó kọ ohun tí wọ́n á ṣe fún un bí wọ́n bá rí i lójú ọ̀nà. Èmi ni mo bá a fẹjọ́ sun àwọn tó ni ojú òpó náà. Lọ́jọ́ kejì èsì dé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò rú òfin àwọn. Mo ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa kà á tí kò ní mọ̀ pé ìhàlẹ̀ ìfipábánilòpọ̀ ni. Ta ló wá yẹ̀ ẹ́ wò? N ò rò pé èèyàn ni.

Ọ̀rọ̀ kóńgò náà lèyí. Nígbà tí Joy Buolamwini, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń dá ojú èèyàn mọ̀. Ẹ̀rọ náà ò rí ojú tirẹ̀. Ó gbé agọ̀ funfun wọ̀, ẹ̀rọ náà sì rí i lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún 2018, òun àti Timnit Gebru, tí wọ́n bí ní Addis Ababa, gbé iṣẹ́ jáde lórí irú ẹ̀rọ yìí mẹ́ta tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tà, èyí tó ń wo ojú kó lè sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun, èyí tó ṣi jù nínú wọn ò ṣi tó ẹyọ kan nínú 100. Fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, èyí tó burú jù ṣi tó nǹkan bíi 35 nínú 100. Àwọn àkójọ àwòrán tí wọ́n fi ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, ojú funfun ló kún wọn. Nígbà tí àwọn obìnrin méjì yìí dojú kóńgò délẹ̀ níwájú gbogbo ayé, àwọn tó rọ ọ́ tún un ṣe, àṣìṣe náà sì dín kù. Ǹjẹ́ wọn ì bá tún un ṣe bí kò bá sí ẹni tó pariwo?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi tí mo fẹ́ dé yìí.

(Ìlù díẹ̀.)

Lọ́jọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2012, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọ bàálù wá sí Èkó. Cynthia Osokogu lorúkọ rẹ̀. Ó ń kàwé fún oyè kejì ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Nasarawa ní Keffi, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ níbẹ̀. Ọmọ ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì ni. Àwọn ọkùnrin kan tó pàdé lórí Facebook, tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan lórí BlackBerry, ló sọ fún un pé àwọn máa ràn án lọ́wọ́ láti rí ọjà rà ní Èkó. Wọ́n lọ pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, wọ́n mú un wá sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac wa níbí. Wọ́n fi oògùn sínú ohun mímu fún un, wọ́n dè é mọ́lẹ̀, wọ́n kó ohun ìní rẹ̀, wọ́n sì pa á. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni àwọn ará ilé rẹ̀ fi ń wá a, tí òkú rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì láìlórúkọ. Ìpè orí fóònù rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá fi tọpasẹ̀ àwọn tó ṣe é. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2017, Adájọ́ Olabisi Akinlade, tí òun náà jẹ́ obìnrin, dájọ́ ikú fún ọkùnrin méjì ní ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní Igbosere.

Ìdájọ́ dé. Ohun tí mo ń gbé kiri láti ọdún 2012 ni ohun tí mo gbọ́ nínú ọkọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, nígbà tí ìròyìn yẹn jáde. Dáńfó tó ń bọ̀ láti Mile 2 ni. Ìwé ìròyìn ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọkùnrin kan ní: “Kí ló ń wá lórí Facebook?” Obìnrin àgbàlagbà tó jókòó tì mí ní: “Àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí, wọn ò lè jókòó sílé ọkọ.” Kọ̀ńdọ́kítọ̀ fi tirẹ̀ sí i, n ò ní tún un sọ. Kò sí ẹnì kan nínú ọkọ̀ elérò mẹ́rìnlá yẹn tó béèrè ohun tí àwọn ọkùnrin yẹn ń wá lórí Facebook. Èmi náà ò sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́ títí mo fi sọ̀.

Ẹ wò ó, bí ọkùnrin oníṣòwò bá ti Àbá wá sí Alábà, tó lọ pàdé ẹni tí kò mọ̀ rí láti ra tẹlifíṣọ̀n ogún, tí wọ́n wá jà á lólè, a máa ń sọ pé Èkó burú. A kì í béèrè ohun tó jáde wá wá. Obìnrin tó jáde nítorí ọjà kan náà, òun fúnra rẹ̀ la máa yẹ̀ wò bíi kóńgò.

Ó sì jẹ́ ohun ìyanu fún mi pé Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa tí obìnrin ti ń rìnrìn àjò òwò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kí ni alájàpá? Ìyá ìyá mi jẹ́ ọ̀kan. Láti Badagry ló ti ń lọ sí Kútọnu, a máa dé Lọmẹ́ nígbà mìíràn, a máa lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló ń wá. Ṣùgbọ́n kì í dá rìn, kì í sì í sùn sílé ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ò mọ̀. Onílé wà fún wọn ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń gba àwọn oníṣòwò sílé, tó mọ orúkọ wọn, tó mọ ilé tí wọ́n ti wá àti ọjọ́ tí wọ́n máa lọ. Bí alájàpá kan ò bá tètè dé ibi tí wọ́n fi àdéhùn sí, àwọn tó kù ò ní gbéra. Bí oníbàárà kan bá ṣe wọ́n níkà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ dé ọjà tó kàn. Àwọn obìnrin yẹn ló fọwọ́ ara wọn hun ààbò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì dára débi pé àwa ọmọ wọn ò mọ̀ pé ó wà.

Ọ̀nà alájàpá ni Cynthia tọ̀ wá sí Èkó. Ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ lè sọ àlejò di ojúlùmọ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ó lè fi àwòrán wọn hàn án, ẹ̀rín wọn, orúkọ tí wọ́n bá fún ara wọn. Kò sí ẹni tó fi onílé sí i. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ò rò ó, torí pé nínú àwọn tó jókòó ṣe é, bóyá la fi rí ẹni tó ti ronú rí pé: bí mo bá dé ìlú yìí lálẹ́, ta ló máa mọ̀ pé mo dé?

Òfin wá ńkọ́? Nígbà tí wọ́n pa Cynthia, òfin tó dá dúró lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ò tíì sí ní Nàìjíríà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Ààrẹ Jonathan tó fọwọ́ sí i. Abala 24 rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ dààmú ẹlòmíràn: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta, tàbí owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Inú wa dùn. A rò pé irú ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ àwòrán Ìyá Ṣadé ni wọ́n máa fi mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹnì kan tí wọ́n fi mú fún yín. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Chioma Okoli, obìnrin tó ń ṣòwò kékeré tirẹ̀ ní Èkó, ra tòmátò inú agolo, ó tọ́ ọ wò, ó sì kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ohun tí gbogbo ìyá ń ṣe nídìí àtẹ nìyẹn, kí wọ́n bu díẹ̀ sẹ́nu kí wọ́n sì sọ bó ṣe rí. Lọ́jọ́ 24 oṣù kan náà, ọjọ́ Àìkú, àwọn ọlọ́pàá mú un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, wọ́n sì fi òfin ọdún 2015 yìí kan náà fẹ̀sùn kàn án. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹta ọdún 2022 ni ilé ẹjọ́ ECOWAS ti ní kí Nàìjíríà lọ tún abala 24 ṣe torí pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù. Ọdún 2024 ni wọ́n tó tún un ṣe, tí wọ́n sì dín in kù. Ẹ má bínú sí mi, ó yẹ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi: ẹni tó yí kóńgò wò ni òfin náà kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹnì kan ń halẹ̀ mọ́ pé òun máa gbé àwòrán ìhòòhò yín síta, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún yín kí àkókò wa tó tán. Ẹ má fi owó ránṣẹ́. Ẹni tí ẹ bá san fún lẹ́ẹ̀kan á padà wá. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tó kọ sí yín rẹ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà. Ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì yín. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìbálòpọ̀ tipátipá, DSVA, tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2021. Nọ́ńbà wọn ni 08000 333 333, kì í jẹ káàdì. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wá sọ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín kó má jẹ́ “kí ló dé tó o ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀?” Ẹ lè bi í lẹ́yìn ọ̀la.

Mo ti ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan pé ọjà yìí ò ní ìyálọ́jà. Àwọn kan ti ń gbìyànjú láti jẹ́ ẹ o. Ní oṣù Keje ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin bíi Damilola Odufuwa àti Odunayo Eweniyi dá ẹgbẹ́ Feminist Coalition sílẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ìwọ́de EndSARS lòdì sí ìwà ipá àwọn ọlọ́pàá fi bẹ́ sílẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti gba owó fún owó ilé ìwòsàn, fún lọ́yà, fún oúnjẹ àwọn tó wà lójú títì. Ọ̀nà báńkì dí mọ́ wọn, wọ́n yà sí Bitcoin. Owó náà lé ní mílíọ̀nù 147 náírà, wọ́n sì ń gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ síta fún gbogbo ayé, iye tó wọlé, iye tó jáde, bí ìyá alájọ tó ń ka káàdì lójú gbogbo ẹgbẹ́. Èébú tí wọ́n bù fún wọn lórí ìkànnì kan náà ò kéré. Ẹ gbọ́ mi yé o, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n gbà gbọ́ lèmi náà gbà. Àmọ́ ọmọ alájọ mọ ẹni tó jọ ìyá rẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ mi jù, àdúgbò mi ló wà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣadé, àwọn obìnrin tó ń tajà lórí fóònù ní Kuje níhìn-ín dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀. A ò ju mọ́kàndínlógún lọ. Kò lórúkọ gidi, “Àwa Náà” ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Òfin mẹ́ta la fi bẹ̀rẹ̀, méjì ti ṣubú. Ọ̀kan, pé ká máa dá owó fún lọ́yà, wọ́n jà lé e lórí. Èkejì, pé ká má máa fi ìpolówó yọ ara wa lẹ́nu nínú ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó pa á mọ́, àní alága gan-an ló kọ́kọ́ gbé súwẹ́tà wọlé. Ìkẹta ló dúró. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ lọ fi ọjà lé oníbàárà tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ kọ ibi tó ń lọ sí inú ẹgbẹ́, kó kọ nọ́ńbà oníbàárà náà, kó sì sọ aago tó máa dé. Ẹnì kan á gbà á. Ẹni tó gbà á ni yóò pè é.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, Ìyá Ṣadé gbé léèsì márùn-ún lọ sí ibì kan lẹ́yìn Apple Junction. Ó ní òun máa dé ní aago méje. Èmi ni mo gbà á. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná, mo pè é. Ó gbé e, mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní: “Mo ti gbowó, mo ti wọ Márúwá. Ẹ má gbé ọbẹ̀ yẹn kaná padà, mò ń mú ẹja bọ̀.”

 

(Ìlù ìparí.)